Orí Kẹfà: Ṣadé Thomas-Fahm, Obìnrin tó Fi Síìpù sí Ìró

Ìró kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ ń rán parí. Aṣọ gbọọrọ onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n ṣẹ́ létí, tí wọ́n sì fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ ró o ni yóò pinnu bí yóò ṣe fún ìbàdí tó, ibi tí yóò balẹ̀ dé lẹ́sẹ̀, àti ibi tí yóò ti ki etí rẹ̀ bọnú kó má baà tú. Bí ó bá jókòó pẹ́, tó gun ọkọ̀, tó yára rìn díẹ̀, dandan ni kó tún un ró. Gèlè tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ kan náà lórí obìnrin méjì lè di gèlè méjì tí kò jọra rárá, nítorí ọwọ́ tó wé e ló dá ẹwà rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí dunjú, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́ láìpè é ní iṣẹ́.

Obìnrin tí orí yìí dá lé lórí, Fọlàṣadé Thomas, tí ayé mọ̀ sí Ṣadé Thomas-Fahm, gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń wọṣọ, ó sì gbé e lé ẹni tó ń rán an lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ló ń pè é ní ẹni àkọ́kọ́ tó ya aṣọ ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Oyè náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ aṣọ ní láti béèrè ohun tó kọjá oyè: kí ló yí padà lára aṣọ gan-an, báwo ló ṣe yí i, ta sì ni ìyípadà náà ṣe láǹfààní?

Èkó kí ó tó dé

Ìlú tí wọ́n bí Ṣadé sí ní 1933 ti ń wọ aṣọ òyìnbó láti bí ìran mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn Sàró tó darí wálé láti Freetown wọ kóòtù àti gáùn wọ Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ télọ̀ àti ìránṣọ obìnrin di iṣẹ́ ọwọ́ tó lórúkọ níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwé àti ní ọ́fíìsì ìjọba, aṣọ òyìnbó ni àmì pé ènìyàn ti làjú. Bùbá àti ìró kò parun. Wọ́n jẹ́ aṣọ ilé, aṣọ ọjà àti aṣọ òde ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń dúró sí.

Àwọn kan ti ta ko ètò yìí tipẹ́. Ní 1894, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ David Vincent pa orúkọ náà tì, ó di Mọ́jọlá Agbẹ̀bí, ó sì kẹ̀yìn sí aṣọ òyìnbó. Ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí ó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa gáùn tì. Ìró àti gèlè ló fi ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà ṣèpàdé, èdè Yorùbá ló sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, títí ìjàkadì wọn lórí owó orí fi mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ààfin sílẹ̀ ní 1949. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe lágbára púpọ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé aṣọ náà kò yí padà lọ́wọ́ wọn: wọ́n yan aṣọ kan dípò òmíràn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ bí àwọn tó ṣáájú wọn ṣe ń wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi abẹ́rẹ́ àti òwú dáhùn. Bí obìnrin bá fẹ́ wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó ní láti wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, tó ní láti jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kó na ọwọ́ sókè sí pátákó ìkọ̀wé, kí ni yóò fi ìró tó ń tú ṣe? Gáùn òyìnbó kò dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí gáùn fi ń borí, yàtọ̀ sí ti ìgbéraga àti ìsìnrú ọkàn tí a sábà máa ń dá lẹ́bi. Mo rò pé a kì í fún ìdí ìrọ̀rùn yìí ní àyè tó bó ṣe yẹ nínú ìtàn aṣọ wa.

Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun

Ní 1953 ni Ṣadé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá lọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ilẹ̀ wa nígbà náà. Ìlú tó bá kò tíì pẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ogun. Láti 1941 títí di 1949 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kúpọ́ọ̀nù díwọ̀n aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà. Nígbà tí Christian Dior gbé síkẹ́ẹ̀tì gbẹgẹdẹ rẹ̀ jáde ní Paris ní oṣù Kejì 1947, aṣọ tó ń jẹ yáàdì lórí yáàdì, ọ̀pọ̀ obìnrin Lọ́ńdọ̀nù ló rí i nínú ìwé ìròyìn tí wọn kò sì ní kúpọ́ọ̀nù tí wọn yóò fi rà á. Ní 1953, ìyẹn ti di àná. Àwọn ìsọ̀ ńláńlá ní West End ti tún ń kó aṣọ tuntun sójú fèrèsé wọn, wọ́n ń tò ó bí ẹni to ìṣúra. Ojú fèrèsé wọ̀nyí ni ọkàn ọmọbìnrin Èkó náà ti yí padà. Ó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbá iṣẹ́ aṣọ mú.

Ó kọ́ṣẹ́ ní Barrett Street, ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Oxford Street tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915 láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ aṣọ, tó sì ti wọnú London College of Fashion lónìí. Ó tún lọ sí Saint Martin's School of Art. Láti rówó gbọ́ bùkátà, ó ń ṣe módẹ́ẹ̀lì, ó ń wọ aṣọ aláṣọ fún àwọn oníbàárà wò. Ẹ má ṣe ka èyí sí ohun kékeré. Ẹni tó ń wọ aṣọ mìíràn ní wákàtí dé wákàtí yóò mọ ibi tí ojú rírán ti ń fún ènìyàn lápá, yóò mọ síìpù tó ń wọ́ra àti èyí tó ń hámọ́. Inú aṣọ ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ láti òde.

Kí a tó lè lóye ohun tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi kún ọgbọ́n aránṣọ, a ní láti rántí bí télọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Oníbàárà yóò mú aṣọ wá. Télọ̀ yóò na tépù sí i lára, yóò kọ nọ́ńbà sínú ìwé, yóò tẹ́ aṣọ sílẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, yóò sì gé e lójú kan náà. Freehand ni àwọn télọ̀ wa ń pè é. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, ó sì dára fún aṣọ ẹnì kan. Àmọ́ kò sí bí a ṣe lè fi rán aṣọ fún ẹni tí a kò tíì rí. Ọ̀nà kejì ni ti pátáànì: a ó gé bébà sí ìrísí ẹ̀yà aṣọ kọ̀ọ̀kan, a ó fẹ bébà náà lójú tàbí kí a sún un kì gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara oríṣiríṣi, a ó sì fi bébà kan gé ọ̀pọ̀ aṣọ. Ọ̀nà yìí ló bí rẹ́dímeèdì. Ó jẹ́ kí aṣọ wà lórí hángà kí oníbàárà tó wọlé.

Ní ìgbà kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá ìsọ̀ tiwọn sílẹ̀. Mary Quant ṣí Bazaar ní King's Road ní 1955, fún àwọn ọmọbìnrin tí kò fẹ́ múra bí ìyá wọn. Ṣadé wà ní ìlú yẹn nígbà náà. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì ta kókó ju tiwọn lọ, nítorí àwọn tí òun fẹ́ ránṣọ fún ní láti bọ́ lọ́wọ́ gáùn òyìnbó láìpadà sí ìnira ìró.

Ìpadàbọ̀ ní 1960

Ọdún òmìnira ló padà wálé. Ó ṣí ìsọ̀ tó pè ní Maison Shade, èyí tó di Shade's Boutique lẹ́yìn náà. Bùtíìkì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìsọ̀ tí obìnrin ti lè wọlé, kó yan aṣọ tí wọ́n ti rán parí, kó sì wọ̀ ọ́ jáde. Ó dá ilé iṣẹ́ aṣọ kékeré sílẹ̀ ní àgbègbè ilé iṣẹ́ ní Yábàá. Ó tún ní ìsọ̀ nínú Federal Palace, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ sí Victoria Island nítorí àwọn àlejò ayẹyẹ òmìnira. Ibi méjì yìí bára mu: ní Yábàá ni ẹ̀rọ ti ń ránṣọ, ní Federal Palace ni àwọn obìnrin olówó, àwọn ìyàwó aṣojú ìjọba àti àwọn àlejò láti òkèèrè ti ń rí i.

Ohun tí kò bá tilẹ̀ ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni kó kó aṣọ Manchester wá, kó fi ọgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù rán an. Aṣọ ilẹ̀ wa ló yàn: aṣọ òkè, àdìrẹ, akwẹ́tẹ́ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò ń hun, àti aṣọ Òkènè tí àwọn obìnrin Ebira ń hun. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀làjú Èkó ìgbà náà, aṣọ àgbà ni wọ́n, aṣọ tí a ń kó pamọ́ sínú àpótí di ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ti fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ òkè rí yóò mọ̀ pé ìpinnu yìí gba ìgboyà, nítorí aṣọ náà kì í gbà fún aránṣọ wẹ́rẹ́.

Ìṣòro aṣọ òkè

Orí òfì ọlọ́nà tóóró ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, Ìlọrin àti ibòmíràn ti ń hun aṣọ òkè, lóríṣi bí sányán, ẹtù àti àlàárì. Bí ahunṣọ bá hun ún tán, aṣọ náà gùn gan-an, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ínǹṣì 4 sí 6 lọ. Ẹni tó fẹ́ ìró tàbí agbádá yóò gé e sí ọ̀já, yóò sì rán ọ̀já wọ̀nyí pọ̀ létí sétí. Etí tí òfì ṣe lágbára, kì í tú. Ojú tí sísọ́ọ̀sì bá gbà kọjá láàárín ọ̀já ni òwú rẹ̀ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní a fẹ́ rán ìró onísíìpù fún obìnrin tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 40. A ó fi ínǹṣì 2 kún un kó lè jókòó, a ó tún fi 2 kún un fún ojú rírán àti síìpù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44, láì tíì ka ibi tí etí aṣọ yóò ti dé orí ara rẹ̀ níwájú. Bí ọ̀já bá fẹ̀ ní ínǹṣì 4, ọ̀já 11 yóò tó géérégé. Ẹni tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 42 ńkọ́? Ó ń fẹ́ 46, èyí tí í ṣe ọ̀já 11 àti ààbọ̀. Aránṣọ ní láti là ọ̀já kan sí méjì, kí ó sì fi láíníìnì dá òwú rẹ̀ dúró, tàbí kó lo ọ̀já 12 kó sì ṣẹ́ ínǹṣì 2 tó kù pọ̀ síbi tí ojú kò ní tó. Dáàtì tó ń mú ìbàdí fún, tí aṣọ òyìnbó ń gbà láìjanpata, yóò wú pọkú lára aṣọ òkè tó nípọn. Iṣẹ́ tí ìwọ̀n ara ń dá sílẹ̀ ni èyí. Àwọn ìyá wa kò bá irú rẹ̀ pàdé, nítorí ìró tí a kò rán kò ní ìwọ̀n: ó gba ẹni tó sanra, ó gba ẹni tó tín-ín-rín, ó gba aboyún pàápàá.

Àdìrẹ rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ó ní ìjánu tirẹ̀. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti fi ìyẹ́ tàbí pátákó páànù ya gbogbo ojú aṣọ sí àpótí àpótí kó tó rì í sínú aró. Odindi ni ó rí àwòrán náà. Bí a bá gé ọwọ́ bùbá láti inú rẹ̀ láìwo ibi tí àpótí náà ti bẹ̀rẹ̀, a ti ba ọ̀rọ̀ aládìrẹ jẹ́ láàárín.

Aṣọ mẹ́ta

Nínú iṣẹ́ Ṣadé, mẹ́ta ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ bí ẹni mọwó.

Èkíní ni ìró. Ṣadé sọ ọ́ di síkẹ́ẹ̀tì tó ní síìpù, síbẹ̀ tó ń jọ ìró tí a ró. Ìjọra yìí ni ọgbọ́n náà wà. Síkẹ́ẹ̀tì lásán kì bá tí ṣòro, àwọn obìnrin Èkó ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́. Ohun tó nira ni kí etí aṣọ ṣì dé orí ara rẹ̀ níwájú, kó balẹ̀ bí ìró, kí ẹni tó ń wò ó lókèèrè má mọ̀ pé síìpù wà níbẹ̀. Obìnrin tó wọ̀ ọ́ lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó sì dìde láìfọwọ́ kan ìbàdí.

Èkejì ni gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí ènìyàn kàn ń dé lórí bíi fìlà. Ẹ wo bí èyí ṣe rí ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti lọ sí ilé ìwé tí wọn kì í ti í jẹ́ kí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n sì dàgbà láìmọ̀ ọ́n wé dáadáa. Kí gèlè tó lè dúró fúnra rẹ̀, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní láti gba òwú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba orí ńlá àti orí kékeré. Lónìí, auto gèlè ni wọ́n ń pè é ní ọjà Èkó, ó sì ti di òwò fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin. Àwọn tó ń tà á níbi gbogbo kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ti wà ní ìsọ̀ Ṣadé kí wọ́n tó bí wọn.

Àwọn àgbà kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní bí a bá ti ń dé gèlè, a ti pa ọgbọ́n ọwọ́ obìnrin. Àríwísí náà wúwo, mi ò sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ohun kan ń sọnù nígbà tí gbogbo gèlè inú yàrá bá jọra. Ní tèmi, mo dúró sọ́dọ̀ Ṣadé. Obìnrin tí kò mọ gèlè í wé, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a wé e láago mẹ́fà àárọ̀, orí ṣíṣí tàbí fìlà òyìnbó ni ì bá gbé jáde. Gèlè tó délé rẹ̀ ní wíwé ló mú un padà sínú aṣọ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni agbádá, aṣọ ọkùnrin tó sọ di bùbù obìnrin tó kún fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tó wọ agbádá ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà: yóò ká apá ọ̀tún, yóò ká apá òsì, kò ní tíì jókòó kó tó tún un ká. Ìyẹn wà lára ọlá rẹ̀ fún ọkùnrin. Ṣadé mú iṣẹ́ ọnà tó wà ní ọrùn àti àyà, ó mú bí ó ṣe ń balẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó sì fi aṣọ ọlọ́lá wọ obìnrin láìfi ara ọkùnrin wọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ tí ọlá aṣọ ńlá ti jẹ́ ti baálé, ohun tó ṣe yìí ju ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lọ.

Àwọn ọdún 1970 àti lẹ́yìn rẹ̀

Owó epo dé, léèsì sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní Austria àti Switzerland ń ṣe léèsì tó bá ojú àwa Yorùbá mu, aṣọ ẹbí sì sọ ọ́ di dandan ní òde. Aṣọ òkè padà di gèlè àti ìpèlé lórí bùbá léèsì. Ẹni tó ti ń fi aṣọ ilẹ̀ wa ṣe aṣọ ojoojúmọ́ kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n lára. Ìtàn ayé Ṣadé wà nínú ìwé tó pè ní Faces of She, tó jáde ní 2004. Ó dára kí olùkọ́ wá a fún ilé ìkàwé ilé ìwé.

Ní oṣù Keje 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn Africa Fashion. Wọ́n gbé aṣọ Ṣadé síbẹ̀ pẹ̀lú ti Kofi Ansah ará Ghana, Chris Seydou ará Mali, Alphadi ará Niger àti Naïma Bennis ará Morocco, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣíwájú. Ti Chris Seydou ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wé tirẹ̀. Bògòlan tí Seydou gé sí jákẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì kékeré jẹ́ aṣọ ọlọ́já tí a rán pọ̀, bí aṣọ òkè. Ìṣòro sísọ́ọ̀sì kan náà ló bá a fínra. Ṣùgbọ́n aṣọ òyìnbó ni ìrísí tí Seydou sábà ń gé e sí. Ṣadé fi ọ̀nà òyìnbó gé aṣọ tirẹ̀, ó sì dá ìrísí Yorùbá sí.

Ọ̀nà tó là yìí ni Deọlá Sagoe ń tọ̀ nígbà tó ń tún ìró àti bùbá gé fún ìyàwó òde òní nínú àkójọ aṣọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Kòmọ́lẹ̀. Amaka Osakwe, tó dá Maki Oh sílẹ̀ ní 2010, fi àdìrẹ ṣe aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ní New York.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ wọn fífẹ̀ ọ̀já aṣọ òkè mẹ́ta tó ti ọwọ́ ahunṣọ mẹ́ta wá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò iye ọ̀já tí ìró onísíìpù yóò gbà fún ìdí ínǹṣì 36, 42 àti 48, kí ẹ sì ya ibi tí ẹ ó fi àṣẹ́kù pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìyá àgbà kan tó mọ gèlè í wé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wé e díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́po, ẹ tú u, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì gé pátáànì rẹ̀ sórí bébà. Ẹ kọ orúkọ ìyá náà sára pátáànì.